Ọmọ Ojú Fèrèsé

Èmi àti Mudaṣíru la jọ ń tún ògbólógbòó ọkọ̀ ojú irin kan ṣe ní Ọ̀fà. Lọ́sàn-án, ó tú gbogbo pákó ilẹ̀ inú rẹ̀, nítorí ikán ti jẹ ẹ́ tán. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, ó lọ kírun. Èmi dúró níta, mò ń ha ọ̀dà àtijọ́ lára fèrèsé.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá káfíńtà. Ẹ bá mi gba ọmọ.” Ohùn obìnrin kan ni, láti inú ọkọ̀.

Bí ọkọ̀ bá kún, ojú fèrèsé la máa ń gbà gbé ọmọ fún ara wa. Mi ò wòkè, mo nawọ́. Ọmọ náà gbóná. Ó di ìka mi mú.

Mo wá gbójú sókè. Obìnrin náà dúró ṣinṣin nínú ọkọ̀, níbi tí pákó ilẹ̀ wà láàárọ̀.

Ó ní, “Ẹ má tíì lọ. Ó ku èkejì rẹ̀.”