Gálílì Nínú Gbọ̀ngàn

Ní ọjọ́ Gálílì, ìyẹn Ọjọ́ Ajé Àjíǹde, Fadékẹ́mi mú bàbá rẹ̀ tó fọ́jú lọ sí etíkun àdúgbò. Inú gbọ̀ngàn ni etíkun náà wà báyìí, ìjọba ti mọ odi dí òkun gan-an, ẹ̀rọ ló ń ti omi wá sí ẹsẹ̀ èrò. Fadékẹ́mi kò fẹ́ kí bàbá mọ̀.

Nílé wọn, àgbà gbọ́dọ̀ tọ́ omi òkun wò kí wọ́n tó bu ìrẹsì ọdún. Fadékẹ́mi rọra da iyọ̀ sínú ife omi, ó gbé e fún un.

Bàbá tọ́ ọ wò. “Ọmọ yìí, iyọ̀ rẹ ti pọ̀ jù. Omi yìí sì ń rùn bí ọṣẹ. Ṣé ìwọ náà lo po ti èṣí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.”

Bàbá na àwo rẹ̀ sí i.

“Bu ìrẹsì.”

Kò béèrè òkun mọ́.