Oúnjẹ Ọ̀sán ní Turin

Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Ornella fi bẹ̀bẹ̀ kó tó rí àyè ní ilé oúnjẹ yìí.

Wákàtí mẹ́wàá ni òun àti Saverio ọkọ rẹ̀ lò nínú ọkọ̀ ojú irin láti Calabria, ní gúúsù Ítálì, wá sí Turin.

Àwo kẹrin nínú mẹ́jọ ti dé: ọbẹ̀ olú, kò ju ṣíbí mẹ́ta lọ.

Saverio ń ha ìdí àwo.

"Ṣé ó dùn?"

"Ó dùn ju ti ìyá ẹ lọ. Má wí fún un o!"

Ornella bú sẹ́rìn-ín.

Obìnrin tó ń gbé oúnjẹ fún wọn sáré dé. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má fẹnu kàn án. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n bu iyọ̀ sí i."

Ornella tọ́ tirẹ̀ wò. Díẹ̀ ló kù kó tu ú dànù.

Ó wo ọkọ rẹ̀. "Saverio?"

"Látìgbà tí wọ́n ti ń fi iná ẹ̀rọ jó jẹjẹrẹ ẹnu mi yẹn ni mi ò ti mọ adùn mọ́."

"Kí ló dé tó ò sọ?"

"Inú ẹ ń dùn."

Láàárọ̀ ọ̀la ni dókítà yóò gé ahọ́n Saverio kúrò.

Nítorí kó lè jẹ ohun aládùn kẹ́yìn ni Ornella ṣe mú un wá.

Obìnrin náà gbé àwo karùn-ún sílẹ̀, ó ní mẹ́ta ṣì ń bọ̀.