Ìgalà Inú Fìrígò

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ní ọdún kejì òmìnira, bọ́tà yọ́ nínú fìrígò Léonard ní Dáṣà.

Léonard ni ọ̀gá ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Iná ibùdó náà ló ń wọ ilé rẹ̀, òyìnbó kan tó ń padà sí ìlú rẹ̀ ló sì ta fìrígò náà fún un. Ó fetí sí mọ́tò rẹ̀, ó ń dún. Ó fọwọ́ kan òkè, yìnyín wà níbẹ̀. Ó fọwọ́ kan omi tó wà nísàlẹ̀, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

"Màá rán Ràṣídì wá," ló wí fún Antoinette ìyàwó rẹ̀. "Kó tú gbogbo inú ẹ̀ wò."

Ó dé fìlà iṣẹ́, ó jáde. Ọkàn Antoinette já.

Ìdílé Léonard kì í jẹ ìgalà. Wọ́n ní ìgalà ló ṣamọ̀nà bàbá ńlá wọn dé ibi omi lórí òkè nígbà tí ogun ń lé e. Obìnrin tó bá lóyún fún wọn kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án, nítorí ọmọ inú rẹ̀ ti di ọmọ ìdílé kó tó di ọmọ ayé. Antoinette sì lóyún. Èyí tó ṣáájú ti bàjẹ́ mọ́ ọn lára.

Ṣùgbọ́n ọmọ ọdẹ láti abúlé Soclogbo ni. Látìgbà tí oyún yìí ti dúró, ìgalà nìkan ni ẹnu rẹ̀ ń fẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé díẹ̀ wá fún un lọ́jọ́ ọjà, ó fi ewé wé e, ó tì í sábẹ́ àwo yìnyín. Bí ìyá ọkọ rẹ̀ bá lọ sí Máàsì ní ṣọ́ọ̀ṣì, á gé díẹ̀ sè. Ó ń dùn mọ́ ọn lẹ́nu, ẹ̀rí ọkàn sì ń jẹ òun náà. Ó ti jẹ́wọ́ fún Fáda. Fáda ní kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n Fáda kọ́ ni yóò bí ọmọ náà.

Ó sáré lọ sídìí fìrígò kó lè yọ ẹran náà kí Ràṣídì tó dé. Ìyá Euphrasie, ìyá ọkọ rẹ̀, ti gbé àpótí síwájú fìrígò, ó ti jókòó.

Ìlú Paouignan ni wọ́n ti fẹ́ Ìyá Euphrasie wá sínú ilé náà, síbẹ̀ kò sí ọmọ bíbí ìdílé tó mú èèwọ̀ le tó o. Òun ló máa ń ṣí ìkòkò Antoinette, tí á fi imú fa èéfín rẹ̀. Òun náà ló ní òtútù kò dára fún aboyún, pé kí Antoinette má máa dúró pẹ́ nídìí fìrígò. Àtàárọ̀ dalẹ́ lòun fúnra rẹ̀ ń lọ bu omi tútù níbẹ̀, tí á sì máa ráhùn pé eyín ń dun òun. Antoinette mọ̀ pé òun ni ìyá náà ń ṣọ́.

"Ìyá, ẹ jẹ́ kí n palẹ̀ inú ẹ̀ mọ́ kí oníṣẹ́ tó dé."

"Kí ló wà níbẹ̀ tó o fẹ́ palẹ̀ mọ́?"

"Kò sí nǹkan, Ìyá."

"Kò sí nǹkan, o sì fẹ́ palẹ̀ mọ́. Lọ sinmi." Ó tún ìdí jókòó. "N ò tiẹ̀ mọ ohun tí Léonard ń wá. Tí nǹkan òyìnbó bá kú, ṣe là á sin ín. Bàbá ẹ̀ ò ní fìrígò, ó sì gbó, ó sì tọ́."

Antoinette lọ, ó padà. Ó gbálẹ̀ tí kò dọ̀tí. Ìyá Euphrasie kò kúrò lójú kan.

Ràṣídì dé lórí kẹ̀kẹ́. Òun ló ń tún rédíò àti fìrígò ṣe fún àwọn oníṣòwò inú ọjà.

"Ẹ kú ilé o, Ìyá. Màdámù, ẹ kú ìkàlẹ̀."

"Mu omi ná," ni Ìyá Euphrasie wí. Ó mu omi. "Jẹun ná." Ó ní òun ti yó. Ìyá kò rí ohun mìíràn fi lọ̀ ọ́, ó sún àpótí sẹ́yìn.

Ràṣídì ṣílẹ̀kùn fìrígò, ó fìka tẹ bọ́tìnì kékeré kan létí rẹ̀. "Tí ilẹ̀kùn bá ti ṣí, fàntílátọ̀, abẹ̀bẹ̀ inú ẹ̀, máa ń dúró. Èyí la fi ń tàn án jẹ, kó rò pé a ti pa á dé." Ó tẹ́tí. "Mọ́tò ń ṣiṣẹ́. Abẹ̀bẹ̀ tó yẹ kó fẹ́ òtútù wá sísàlẹ̀ ni ò yí."

Ó yọ okùn iná. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ohun tó wà lókè síta kí ọwọ́ rẹ̀ lè ráyè. Ó gbé àwo yìnyín kalẹ̀, ó gbé ẹran tó wà lábẹ́ rẹ̀ lé orí tábìlì. Ewé ti ya lára rẹ̀, awọ pupa alámì funfun hàn níbẹ̀.

Antoinette kúnlẹ̀.

"Ìyá, ẹ forí jì mí. Èmi ni mo gbé e wọlé. Mo ti jẹ nínú ẹ̀. Tí nǹkan bá ṣe ọmọ yìí, èmi ni mo ṣe é." Ó bú sẹ́kún. Ó ti ń rí ara rẹ̀ lójú ọ̀nà Soclogbo, ẹrù rẹ̀ lórí, tí kò sí ẹni tó ń sìn ín.

Ìyá Euphrasie kò bá a wí. Ràṣídì ló kọjú sí. "O ti rí ohun tó bà á jẹ́. Ó ti tó. Máa lọ."

"Rárá o, Ìyá. Èyí jìnnà sí abẹ̀bẹ̀. Kò dí nǹkan kan."

"Mo ní ó ti tó!"

Ṣùgbọ́n Ràṣídì ti tú ìbòrí abẹ̀bẹ̀ náà. Ìsàlẹ̀ ìbòrí ti là tẹ́lẹ̀, ẹnì kan sì ti ki nǹkan bọ ibẹ̀. Ó fà á títí ó fi já bọ́: ẹran ìgalà mìíràn, ó ti gan paali, okùn tí wọ́n fi dì í sì ti wé mọ́ abẹ̀bẹ̀.

Antoinette nu ojú rẹ̀. "Ẹyọ kan ni mo gbé wá," ló wí.

Ràṣídì wo ìyàwó, ó wo ìyá ọkọ, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan nínú àpò irinṣẹ́ rẹ̀.

"Dìde ńlẹ̀, kó o gbé ìkòkò kaná kí Léonard tó dé," ni Ìyá Euphrasie wí, "oyún Léonard yẹn gan-an ló kọ́ mi ní ìgalà jíjẹ."