Balógun Tí Hàwáù Ń Túmọ̀

Jamilah fẹ́ kí òṣèré kan wá síbi ìgbéyàwó rẹ̀. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n so yìgì. Wahab, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, ni yóò fi í fọ́kọ, nítorí bàbá rẹ̀ ti kú kí wọ́n tó bí i.

Ọdẹ́wálé ni orúkọ òṣèré náà. Òun ló ń ṣe Balógun Ọlámijù nínú Ibodè Kẹfà, eré ogun àtijọ́ tí wọ́n ń gbé jáde lórí tẹlifíṣọ̀n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀. Ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ Hàwáù, ìyá Jamilah, ní Tudun Wada nílẹ̀ Hausa, ni Jamilah àti Beulah tó ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ ti máa ń wò ó. Yorùbá ààfin ni wọ́n ń sọ nínú eré náà, àwọn ọmọbìnrin méjèèjì kò sì gbọ́ ju ìkíni lọ. Yorùbá ni Hàwáù, ṣùgbọ́n Hausa ló fi tọ́ ọmọ rẹ̀. Ó ní èdè ìlú tí ènìyàn ń gbé ni ó yẹ kó máa sọ. Nítorí náà, òun ló ń túmọ̀ fún wọn, gbólóhùn kan tẹ̀lé òmíràn, kò sì pa Jímọ̀ kan jẹ rí. Ó rán aṣọ pẹlẹbẹ kan bo ìsàlẹ̀ tẹlifíṣọ̀n náà, níbi tí ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti máa ń sáré kọjá. Ó ní Gẹ̀ẹ́sì náà kò péye, ó sì ń da ojú láàmú.

Gẹ́gẹ́ bí Hàwáù ti túmọ̀ rẹ̀, ọ̀dàlẹ̀ ni Balógun Ọlámijù. Ó fi aya rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú oyún, ó gba oyè lọ́wọ́ ọ̀tá, ó sì ń wá ọ̀nà láti ṣí ibodè kẹfà fún wọn. Síbẹ̀, Jamilah fẹ́ràn rẹ̀.

“Ojú rẹ̀ kò jọ ojú ọ̀dàlẹ̀,” ni ó máa ń wí.

“Ṣé wọ́n ń kọ ọ́ síwájú orí ni?” Beulah á bi í. “Ìwọ sá sọ pé irùngbọ̀n rẹ̀ wù ọ́.”

“Irùngbọ̀n rẹ̀ náà wù mí.”

Hàwáù á máa ránṣọ rẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ Ajé, Jamilah fi ìwé ìpè rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìkànnì òṣèré náà lórí fóònù. Orúkọ olóògbé bàbá rẹ̀ wà lókè ìwé náà, ti ìyá rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀. Kò retí èsì. Ní Ọjọ́rú, èsì dé: ohùn Balógun gan-an, ní Yorùbá, kò tó ìṣẹ́jú kan. Ó gbé e tọ ìyá rẹ̀ lọ.

Hàwáù gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan. Ó yọ abẹ́rẹ́ tó wà lẹ́nu rẹ̀, ó fi gún aṣọ tó wà lórí itan rẹ̀.

“Ó kí ọ kú oríire,” ni ó wí. “Ó ní iṣẹ́ kò ní jẹ́ kí òun lè wá. Ó ní kí Ọlọ́run fi ọmọ tó ń gbọ́ràn ta ọ́ lọ́rẹ.”

“Umma, ìyẹn nìkan?”

“Àwọn òṣèré kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.”

Jamilah pa ohùn náà mọ́.

Ní Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, Ọmọ́lábákẹ́, oníbàárà kan, wá gba bùbá rẹ̀. Ará Ìbàdàn ni, kò tíì ju oṣù kan lọ tó dé Samaru, nítòsí ibẹ̀, láti wá kàwé, kò sì gbọ́ Hausa. Eré ti bẹ̀rẹ̀.

“Ẹ kú iṣẹ́, mà.”

“Bùbá rẹ kò tíì parí,” ni Hàwáù wí fún un. “Padà wá lọ́la.”

“Òun nìyẹn lórí ìkọ́, mà. Ibodè Kẹfà nìyí! Ẹ jẹ́ kí n bá yín wò ó díẹ̀.” Ó ti jókòó.

Lójú tẹlifíṣọ̀n, Balógun kúnlẹ̀ níwájú ìyá arúgbó kan, ó ń sunkún. Hàwáù tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ àwọn ọmọbìnrin náà, ó sì rọra fi Hausa túmọ̀.

“Ó ń bẹ ìyá náà kó ta ẹ̀tù ìbọn fún òun.”

“Ọkùnrin ń sunkún nítorí ẹ̀tù?” ni Beulah wí.

“Ẹ̀tù wọ́n nígbà ogun.”

Ọmọ́lábákẹ́ nu ojú rẹ̀. “Ọkùnrin yìí ṣe mí láàánú,” ni ó sọ fún Beulah ní Gẹ̀ẹ́sì.

“Ọ̀dàlẹ̀ yẹn?” Beulah fi Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn.

“Ta ni ọ̀dàlẹ̀? Òun nìkan ló ṣòótọ́ nínú ìlú náà. Ojú ogun ló wà nígbà tí àwọn ẹbí aya rẹ̀ gbé aya rẹ̀ lọ tòun toyún. Láti ojúlé dé ojúlé ló ń béèrè ọmọ rẹ̀. Eré wo lẹ̀yin ń wò?”

Jamilah dìde, ó sì ká aṣọ ìsàlẹ̀ tẹlifíṣọ̀n náà sókè. Ó ka Gẹ̀ẹ́sì tó wà níbẹ̀: Ẹ jọ̀ọ́, ìyá, ṣé ẹ rí ọmọ mi?

Hàwáù pa tẹlifíṣọ̀n náà.

“Umma,” ni Jamilah wí, “ọdún kan àti ààbọ̀ nìyí tí ẹ ti ń túmọ̀ rẹ̀ fún wa.”

“Eré ni.” Hàwáù padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. “Ojú ọkùnrin nìkan lẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ń wò. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́gbọ́n. Irọ́ kí ni ènìyàn tún lè pa nínú irọ́?”

“Mo gbà yín gbọ́.”

Hàwáù fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ rẹ̀. Ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Kò sí òwú lójú abẹ́rẹ́ rẹ̀.

Ọmọ́lábákẹ́ gba bùbá rẹ̀, ó sì jáde. Jamilah bá a létí títì, níbi tó ti ń dá kẹ̀kẹ́ dúró, ó sì na fóònù sí i.

“Túmọ̀ èyí fún mi,” ni ó fi Gẹ̀ẹ́sì wí. “Má fi nǹkan kan kún un, má sì yọ nǹkan kan.”

Ọmọ́lábákẹ́ gbé e sétí. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní kí oníkẹ̀kẹ́ máa lọ, ó sì tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

“Ó ní,” ni ó wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, “‘Ọmọ mi, orúkọ òkú tí wọ́n kọ sókè ìwé ìpè rẹ yìí, èmi ni mo ń jẹ́ ẹ kí n tó di Ọdẹ́wálé, mo ti wá ọ títí, mo wà láàyè, jọ̀ọ́, má jẹ́ kí ẹlòmíràn fi ọ́ fọ́kọ.’”