Ẹtà Ṣòfin Igbe

Àlọ́ mi yí gbirigbiri, ó yí wọ ilé ìgbìmọ̀ àwọn ẹranko, ó forí sọ Ẹtà ajẹ́dìẹ.

Nígbàkígbà tí Ẹtà bá fẹ́ jí adìẹ gbé, Àkùkọ á ké, ìlú á jí. Ni Ẹtà bá gbé àbá òfin síwájú ìgbìmọ̀: “Nítorí ààbò ìlú, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kígbe láìgbàṣẹ lọ́wọ́ mi. Ẹ̀wọ̀n ni fún arúfin.” Igbe Àkùkọ kì í jẹ́ kí àwọn ìgbìmọ̀ sùn dáadáa, kíá ni wọ́n fọwọ́ sí i. Wọ́n fi Ajá ṣọ́ òfin, Ajá tí kì í béèrè ìdí.

Lọ́jọ́ kan, Ẹtà ń yan adìẹ lẹ́yìnkùlé. Àkùkọ yọjú lórí ọgbà, ó rí i tí iná ti ràn mọ́ òrùlé lẹ́yìn Ẹtà. Ló bá forin bẹ̀bẹ̀:

Igbe ń bẹ lọ́fun mi o —
*Gbàṣẹ ná!*
Ó gbóná, kò ṣeé gbé mì o —
*Gbàṣẹ ná!*
Ọ̀gá Ẹtà, ẹ jẹ́ n ké o —
*Gbàṣẹ ná!*

“Igbe kí ni?” Ẹtà kò gbójú kúrò lára itan adìẹ.

“Ọ̀gá, bí mo bá sọ ọ́ láìgbàṣẹ, mo ti rúfin yín.”

“Padà wá lọ́la.”

“Ẹ ṣeun, ọ̀gá.”

Kò pẹ́ ni iná já bọ́ sí ìrù Ẹtà. “Iná o! Ẹ gbà mí o!”

Ajá sáré dé. Kò gbé omi wá, ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ ló gbé dání.

“Ọ̀gá, ìwé àṣẹ yín dà?”

“Èmi mà ni mò ń fún wọn!”

“Ṣé ẹ ti fún ara yín?”

Àkùkọ ló gbè é láti orí ọgbà: *Gbàṣẹ ná!*

Bí mo bá parọ́, kí àkùkọ má kọ láàárọ̀ ọ̀la.