Ilẹ̀ Gbígbá Abẹ́ Tòmátì

Obìnrin tí gbogbo ẹbí ń pè ní Ẹ̀gbọ́n kì í fi oko tòmátì rẹ̀ ṣeré. Láràárọ̀ ló ń gbá abẹ́ rẹ̀ bí ẹni ń gbá pálọ̀, títí ilẹ̀ á fi máa dán. Ọdún mọ́kànlá ni alásè ilé ìwé ti ń ra tòmátì lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì wo ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn rí.

Ìyàwó àbúrò rẹ̀ ló ni oko tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Koríko gbígbẹ ni ìyàwó yìí ń tẹ́ sábẹ́ tòmátì. Á dì í ní ìdì-ìdì, á sì fi àkísà ìró pupa so ó bí ẹni ń pọn ọmọ.

"Ìyàwó, tòmátì lo gbìn ni, àbí adìyẹ lo fẹ́ kó wá yé síbẹ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, bí òjò bá ń lu ilẹ̀ lásán, ẹrẹ̀ á ta sí ewé. Inú ẹrẹ̀ yẹn ni àrùn wà. Ẹ jẹ́ kí n bá yín tẹ́ díẹ̀."

"Òjò tó ń wẹ gbogbo ayé mọ́? Kó ìdọ̀tí rẹ jìnnà sí mi, jàre. Nílé baba tiwa, ọ̀bùn nìkan ni kì í gbálẹ̀."

Ìyàwó kúnlẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó lọ. Ibi tí àbúrò òun ti rí èyí mú wálé, Ẹ̀gbọ́n ní Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n.

Òjò dé. Kò pẹ́ tí àmì dúdú fi yọ lára ewé ìsàlẹ̀ tòmátì Ẹ̀gbọ́n, ó sì ń gòkè. Bí ewé ṣe ń pọ́n tó ń já bọ́ ni Ẹ̀gbọ́n túbọ̀ ń gbálẹ̀. Ìlà tó kẹ́yìn lẹ́bàá ọgbà nìkan ni ìgbálẹ̀ rẹ̀ kò dé. Ibẹ̀ ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, orúnkún rẹ̀ kò sì gbà á mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó rí ìyàwó tó ń bọ̀ láti ọ̀nà ọgbà, ẹrẹ̀ lórúnkún, àpò òfìfo lábíyá.

"Kí lo wá wá?"

"Mo kàn ní kí n wò yín ni, Ẹ̀gbọ́n mi."

Ẹ̀gbọ́n wo àpò náà, ó pòṣé. Olè tí kò rí nǹkan jí! Ó ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ pé ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀ kò gbọdọ̀ tẹ oko òun mọ́.

Ní ọjọ́ Ẹtì, alásè dé. Ìlà mẹ́fà ti kú pátápátá. Ó mi orí.

"Màmá, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ kí n wo ti ìyàwó yín."

"Ìyẹn wo? Tẹ̀ lé mi!"

Ẹ̀gbọ́n fi ìgbálẹ̀ ṣe ọ̀pá, ó rọra sọ̀ kalẹ̀ lọ sẹ́bàá ọgbà. Tòmátì so jìgbìnnì níbẹ̀, ewé tútù ṣú bolẹ̀. Ó gbé ohùn sókè kí ìyàwó lè gbọ́ lóko tirẹ̀.

"Ṣé o rí i? Ohun tí ilẹ̀ gbígbá ń ṣe nìyẹn! Kí àwọn onípàǹtí wá wòran!"

Alásè bẹ̀rẹ̀ láti ṣa èyí tó já bọ́, ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ ewé, ìdì koríko gbígbẹ kan tí wọ́n fi àkísà pupa so ló sì bá ọwọ́ rẹ̀ jáde.