Abẹ́rẹ́ Tó Wọ Aṣọ Ayaba

Ẹ ka ìtàn yìí dé òpin, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹ má dúró láàárín ọ̀nà kí ẹ ní ẹ ti mọ ibi tó ń lọ. Bí ẹ bá mọ ẹnì kan tí ìyìn máa ń pa bí ọtí, ẹ fi ránṣẹ́ sí i.

1.
Aránṣọ ni ọmọbìnrin yìí. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè é, nítorí ó tín-ín-rín, ọwọ́ rẹ̀ sì yá. Ilé eré àtijọ́ kan ló ti ń ṣiṣẹ́. Wọn kì í ṣeré níbẹ̀ mọ́, àwọn olólùfẹ́ eré ló ń wá síbẹ̀. Wọ́n á wọ irú aṣọ tí àwọn òṣèré ńlá wọ̀ láyé ọjọ́un, wọ́n á gun orí ìtàgé, wọ́n á ya fọ́tò. Abẹ́rẹ́ ló ń wọ aṣọ fún wọn.

Ihò kan wà láàárín ìtàgé náà, tí àwọn òṣèré máa ń gbà yọ sókè láti ìsàlẹ̀. Bàbá Káfíńtà, tó ń tún ilé náà ṣe, ti kìlọ̀ fún un:

"Ọmọ mi, bí o bá ṣí ilẹ̀kùn ihò yìí, sọ̀ kalẹ̀ lọ tì í kí ẹnikẹ́ni tó gun ibí. Ihò kì í mọ ẹni ńlá."

"Mo ti gbọ́, Bàbá."

2.
Láàárọ̀ ọjọ́ kan, kí àlejò tó dé, Abẹ́rẹ́ dán aṣọ ayaba wò. Aṣọ àrán pupa ni, adé sì wà lórí rẹ̀. Ó bá a mu bí ẹni pé ara rẹ̀ ni wọ́n gé e sí. Ibi tó ti ń wo ara rẹ̀ nínú dígí ni àwọn àlejò ti wọlé.

"Ayaba dé! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká bá yín ya fọ́tò!"

Ẹ gbọ́ mi o. Ọmọ tó jẹ́ pé "aránṣọ, wá bá mi de bọ́tìnnì" nìkan ló ń gbọ́ láti ọdún mẹ́fà! Inú rẹ̀ dùn kọjá ibi tó yẹ. Láti ọjọ́ náà, ojoojúmọ́ ló ń wọ aṣọ náà. Àwọn àlejò á dúró nínú yàrá ìwọṣọ, ẹ̀yìn aṣọ wọn á ṣí sílẹ̀.

"Abẹ́rẹ́, àwọn ènìyàn ń dúró dè ọ́," ni obìnrin tó ń ya fọ́tò wí.

"Kí wọ́n ní sùúrù. Ṣé o ò rí i pé èmi ni wọ́n wá wò ni?"

"Háà! Abẹ́rẹ́ ti fẹ́ di ọ̀kọ̀!"

3.
Ìyá Abẹ́rẹ́ pé àádọ́rin ọdún. Nígbà èwe wọn, ẹ̀yìn fèrèsé ilé eré yẹn ni wọ́n ti máa ń dúró gbọ́ orin, nítorí kò sí ẹni tó mú wọn wọlé rí.

"Ọmọ mi, ṣé wọ́n á jẹ́ kí arúgbó bíi tèmi wọ aṣọ òṣèré?"

"Ẹ wá ní Sátidé, Màmá."

Nígbà tí Màmá dé, obìnrin oní-fọ́tò ló wọ aṣọ fún wọn. Ọmọ wọn ti wà nísàlẹ̀ ìtàgé, ó ń tún adé ṣe lórí.

Abẹ́rẹ́ gba inú ihò yọ sókè. Àtẹ́wọ́ sọ! Ó rìn wá síwájú. Ọkàn rẹ̀ ní, "Padà lọ tì í." Ṣùgbọ́n fóònù tó ń ya á ti pọ̀ níwájú rẹ̀. "Tó bá yá," ló dáhùn.

Ni Màmá bá gba ẹ̀gbẹ́ gòkè, wọ́n ká aṣọ búlúù gígùn lọ́wọ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. "Ọmọ mi rèé o! Èmi ni mo bí i!" Ni gbogbo fóònù bá yí sọ́dọ̀ Màmá.

Ẹ̀rín ò kúrò lẹ́nu Abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́: "Màmá, ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀. Ẹ ń dí mi."

Màmá sún sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n tún sún. Àfi gbì nísàlẹ̀.

4.
Egungun ìbàdí ló ṣẹ́. Dókítà ní Màmá ò ní lè dá rìn mọ́.

"Ta ló ṣí ilẹ̀kùn yẹn sílẹ̀?" ni ọ̀gá ilé eré bi Abẹ́rẹ́. Aṣọ àrán ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Bàbá Káfíńtà ni, sà. Mo ti ní kí wọ́n bá mi tì í láti ìsàlẹ̀."

Bàbá yíjú sí i. "Èmi kẹ̀, ọmọ mi?"

Ọdún méjìlélógún ni wọ́n ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n kó òòlù àti ayùn wọn sínú àpò, tí wọ́n sì lọ.

5.
Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, Abẹ́rẹ́ ń ya irun Màmá lórí ibùsùn ní ọsibítù.

"Káfíńtà yẹn ńkọ́?"

"Ọ̀gá ti dá wọn dúró, Màmá. Mo ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọn ò tì í."

Màmá gbé orí sókè. "Àwọn ló kọ́kọ́ sáré débi tí mo ṣubú sí. 'Ta ló ṣí ilẹ̀kùn yìí?' ni wọ́n ń kígbe. Ẹni tí o ní kó ti ilẹ̀kùn, ṣé ó tún máa béèrè ẹni tó ṣí i?"

Kóòmù bọ́ lọ́wọ́ Abẹ́rẹ́. Ó lọ jẹ́wọ́ fún ọ̀gá, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá ilé Bàbá Káfíńtà lọ. Ìyàwó Bàbá ló ṣílẹ̀kùn. Ó ní Bàbá ti kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ wọn tó jìnnà, nítorí "ẹni tó ṣẹ́ ìbàdí ìyá oníyàá" ni àwọn ará àdúgbò ń pè wọ́n.

"Ta ni kí n sọ pé ó wá kí wọn?"

Abẹ́rẹ́ yí padà, ó sì gba ilé lọ.

Láràárọ̀ báyìí, ó ń gbé Màmá lọ sí balùwẹ̀. Màmá kì í bú u. Ìyẹn ló ń dùn ún jù.

Ìwọ tó ń ka èyí, bí wọ́n bá ń pàtẹ́wọ́ fún ọ, wo ẹ̀yìn rẹ kí o tó tẹríba. Má ti ẹni tó bí ọ sẹ́yìn kí ayé lè rí ọ. Bí o bá sì ṣàṣìṣe, má fi ẹ̀bi rẹ di ẹrù aláìṣẹ̀. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tán: aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá.